Irun Gígùn Tó Wà Lọ́rùn Ẹ̀wù Rẹ̀

Ọlọ́run Ọba má jẹ́ ká fi ojú ara wa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Àdúrà tí mo máa ń gbà ní gbogbo àárọ̀ nìyí kí n tó fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá bá mi dé òpin ọ̀rọ̀ yìí yóò mọ ìdí tí mo fi ń gbà á.

Aránṣọ ni mí. Ọjọ́ méje péré ni màmá mi fún mi láti fi wo ọkùnrin kan dáadáa, nínú ìlú tí n kò dé rí, kí n tó sọ fún un bóyá màá fẹ́ ọkùnrin náà tàbí n kò ní fẹ́ ẹ. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nínú ìlú náà, ni alárinà wa. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dé sí. Oṣù mẹ́fà ni èmi àti ọkùnrin yìí ti fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ máa ń dùn létí mi débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù lórí aṣọ aláṣọ. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, màmá mi di ọwọ́ mi mú ní ibùdókọ̀, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

"Wo ẹnu rẹ̀, wo ọwọ́ rẹ̀, wo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ọkùnrin lè wẹ̀ kó mọ́ tónítóní, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ni yóò máa sọ̀rọ̀."

"Màmá, ṣé ọkọ ni mò ń lọ wò àbí olè?"

"Bí o bá ti rí ìyàtọ̀, pè mí. Fóònù mi wà ní títàn."

N kò lè bá a wí. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń rọbí, ọkọ rẹ̀ ní òun wà níbi iṣẹ́. Màmá mi nìkan ló dúró tì í tó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ọmọ fi dé. Ọ̀sẹ̀ kejì la tó gbọ́ pé ilé obìnrin mìíràn ni ọkọ ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà, tó tún sùn díẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ rẹ̀ padà wá sílé wa, ibẹ̀ ló wà di òní. Láti ìgbà náà, nínú gbogbo ọkùnrin ayé, bàbá wa nìkan ni màmá mi ṣì fọkàn tán, bàbá wa sì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

A bi Àǹtí Nọ́ọ̀sì nípa iṣẹ́ Jẹ́jẹ́. Ó ní, "Iṣẹ́ ìjọba ni. Ọgbà ló ń bójú tó." Màmá mi gbọ́ ìjọba, ara rẹ̀ balẹ̀. Èmi gbọ́ ọgbà, mo rò pé òdòdó ló ń bomi rin.

*

Ọgbà ìgbafẹ́ tó ní adágún omi láàárín la ti kọ́kọ́ fojú kan ara wa. Ó dúró lẹ́bàá bẹ́ǹṣì kan, ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń fetí sí ilẹ̀. Kó tó kí mi ni mo ti fi ojú wọn èjìká rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Alábẹ́rẹ́."

"Ẹ ṣeun, sà. Èjìká ẹ̀wù yín fẹ̀ jù."

Ó wo èjìká ọ̀tún, ó wo tòsì. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kíni nílé yín nìyẹn?"

"Bí a ṣe ń kí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń sunkún ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì rọra jáde bíi tẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Ọkàn mi fò sókè. Ṣùgbọ́n imú mi kò fò. Ọṣẹ líle kan ń ta sánsán lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ ilé ìwòsàn. Ẹni tó fẹ́ lọ rí àfẹ́sọ́nà a máa fi lọ́fínńdà sára. Èyí fi ọṣẹ bó ara rẹ̀ ni. Kí ló ń fọ̀ kúrò? Òórùn ta ni?

A rìn yí adágún náà ká. Ó mọ orúkọ igi gbogbo. Àwọn tó ń gé ẹ̀ka igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi kí i bí ẹni ń kí ọmọ ilé, ó sì lọ bá wọn, ó ń já ewé tútù tó wà lórí ẹ̀ka tí wọ́n gé, ó ń kó o sínú àpò kan.

"Ta ló fẹ́ jẹ ìyẹn?" mo bi í.

"Ẹnì kan wà tó fẹ́ràn rẹ̀." Ó yí ojú sí omi. "Ẹnu ń dùn ún lásìkò yìí, gbogbo nǹkan kọ́ ló ń wọlé fún un."

"Ẹnì kan wo?"

"Ẹ wo pẹ́pẹ́yẹ yẹn, ẹ wo bó ṣe ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e."

Mo wo pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ní, "Wọ́n ní ọgbà ẹranko ìlú yìí dára púpọ̀. Ṣé a lè lọ síbẹ̀ lọ́la?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àpò náà. "Ọ̀la kọ́. Kò tíì yá. Màá mú yín lọ sí ọgbà tó ní igi àtijọ́."

Kí ni kò tíì yá nínú kéèyàn lọ wo kìnnìún? Mo gbé ìyẹn lọ sílé bí ẹni gbé òkúta sínú bàtà.

Ọgbà kejì, igi rẹ̀ dàgbà débi pé òòrùn kò ríbi wọlé. Níbẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun fẹ́ràn láti máa gbọ́ ìró máṣíìnì mi lórí fóònù, pé bó bá dákẹ́, òun á mọ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín. Níbẹ̀ náà ló tún ti já ewé. Ọgbà kẹta wà lórí òkè, gbogbo ìlú tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ wa. Ó ń nawọ́ sí wọn fún mi: ilé ìwé, ọjà, afárá, ilé ìwòsàn Àǹtí. Òrùlé gíga kan wà láàárín igi tí kò nawọ́ sí rárá.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Ọgbà ẹranko ni," ó sọ, ó sì yára yí padà sí mi. "Alábẹ́rẹ́, bí ẹ bá padà sílé, gbogbo ọgbà yìí á di igbó lójú mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo gbójú sókè láti dá a lóhùn, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Irun kan, dúdú, gígùn, dùbúlẹ̀ lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀ láti etí kan dé ìkejì.

Mo nawọ́ bí ẹni fẹ́ tún ẹ̀wù ṣe fún un, mo fà á yọ. Ó gùn láti ọmọ ìka mi dé ìgunpá. Ó nípọn ju òwú tí mo fi ń rán bọ́tìnnì lọ. Ó rí i pé mo fà á, ó sì la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Ẹ ò ní sọ nǹkan kan?" mo bi í.

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo ká irun náà mọ́ ìka, mo sì fi sínú agolo abẹ́rẹ́ mi tí kì í kúrò nínú báàgì mi.

*

Mo nà án síwájú Àǹtí Nọ́ọ̀sì lórí tábìlì oúnjẹ. "Àǹtí, irun ta nìyí?"

Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó wúkọ́. "Ibo lo ti rí i?"

"Ọrùn ẹ̀wù ọkọ tí ẹ fẹ́ fún mi. Wíìgì ni. Wíìgì olówó iyebíye ni, ẹ wo bó ṣe le!"

Àǹtí fi ọwọ́ bo ẹnu, ó dìde, ó wọ ilé ìdáná. Mo gbọ́ tí abọ́ ń dún, ṣùgbọ́n kò fọ abọ́ kankan.

"Àǹtí! Ẹ̀rín lẹ ń rín?"

"Èmi kọ́!" Ó padà wá, ojú rẹ̀ pọ́n. "Iṣẹ́ tèmi ni kí n mú yín pàdé. Ìbéèrè tìrẹ, òun ni kó o lọ bi."

Bí mo ṣe rò ó nù un: àwọn méjèèjì ti jọ dì í. Àbúrò bàbá mi, ẹran ara mi, ń bá wọn bo ilé obìnrin mìíràn mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbàdúrà títí ẹsẹ̀ fi kú mọ́ mi nílẹ̀. Mo ní, Olúwa, bí ó bá jẹ́ tèmi, fi hàn mí. Bí kò bá sì jẹ́ tèmi, tètè fi hàn mí, nítorí ọkàn mi ti ń lọ o.

Ní ọjọ́ kẹrin, a wà nínú ọgbà olódòdó kan tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Fóònù rẹ̀ dún. Ó wo ojú fóònù, ó dìde, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn igi. Igi náà kò nípọn tó. Gbogbo ohun tó sọ ni mo gbọ́.

"Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀? ... Kò jẹun? ... Ẹ fún un ní ewé tí mo kó wá lánàá, ó fẹ́ràn ìyẹn. ... Rárá, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má jẹ́ kí àlejò dé ibẹ̀. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. ... Akọ ni o, abo ni o, kó ṣáà yè ni àdúrà mi. Mò ń bọ̀."

Ẹ gbọ́ mi o. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò jẹun. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àti ọdún tó kọjá! Ìyẹn ni pé ìkejì nìyí! Ohun tó tún wá dùn mí jù ni bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ọmọ inú náà. Akọ, abo, bí ẹni pé ewúrẹ́ ló fẹ́ bí! Mo ní lọ́kàn mi, bó ṣe ń pe ọmọ rẹ̀ nìyẹn, kí ni yóò máa pe tèmi?

Ó padà wá, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. "Ẹ má bínú, mo ní láti lọ. Mo lè má ráyè lọ́la."

"Ẹ máa lọ," mo ní. "Ẹni tó ń retí yín ń retí yín."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ti mọ̀, ó sì jọ pé inú rẹ̀ dùn sí i. "Ẹ ṣeun tó yé yín," ó sọ, ó sì sáré lọ. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, ó sáré!

Odidi ọjọ́ karùn-ún kọjá, n kò gbúròó rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, màmá mi pè láàárọ̀ kùtù.

"Ọ̀la ló pé ọjọ́ méje. Kí lo rí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀: ọṣẹ, ewé, irun, fóònù.  Màmá mi ní, "Obìnrin tó lóyún ní í máa wá ewé kiri jẹ. Èmi náà jẹ amọ̀ nígbà tí mo lóyún rẹ. Di ẹrù rẹ, máa bọ̀ nílé."

"Màmá, n kò tíì rí i."

"Kí lo tún fẹ́ rí? Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ kò rí tirẹ̀ kó tó bímọ fún un ni?"

"Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i ni, mà. Kí n lè gbàgbé rẹ̀ dáadáa."

*

Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dárúkọ ọgbà ẹranko ni ojú rẹ̀ máa ń yí padà. Nítorí náà, ibẹ̀ ni obìnrin náà wà. Mo wọ bọ́ọ̀sì méjì, mo bi ènìyàn mẹ́ta léèrè ọ̀nà. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́wàá, mo dúró níwájú ìyá tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mò ń wá ọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́."

Ìyá náà wò mí tìfura-tìfura. "Ta ni yín sí i?"

"Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ni mí."

"Háà! Kò ní lè yọjú o. Ó wà lọ́dọ̀ ìyá ìkókó láti ìjẹta. Kò lọ sílé, kò sùn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀."

 Ìyá náà tètè rí i pé òun ti sọ ju bó ṣe yẹ lọ, ló bá tẹ ọwọ́ mọ́ ẹnu. Ìyẹn gan-an ló wá jẹ́ kí n gbà á gbọ́ pátápátá. Mo gba tíkẹ́ẹ̀tì mi, mo wọlé.

Bí mo ṣe rìn ọgbà ẹranko náà nìyẹn, ọgbà tó ti wù mí láti wò láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Kìnnìún sùn, ó kẹ̀yìn sí mi. Àwọn ọ̀bọ kóra jọ sẹ́nu irin, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ara wọn. Ọ̀nì la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ òótọ́, síbẹ̀ kò sọ ọ́. Mo kọjá lára gbogbo wọn títí mo fi dé ibi tí òrùlé gíga yẹn wà. Wọ́n ti fi pákó gíga dí i yí ká, wọ́n sì na okùn síwájú rẹ̀ pẹ̀lú àkọlé pé ÀLEJÒ KÒ GBỌ́DỌ̀ KỌJÁ.

Mo kọjá.

Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́yìn pákó. Kò sọ̀rọ̀, ó ń kì ni:

"Adúró-fẹnu-kan-sánmà,
Ọlọ́rùn tí í wo ẹ̀yìnkùlé láìgun àkàbà,
Aláṣọ àbùlẹ̀ tó wọ̀ ọ́ ju ẹ̀wù ọba lọ,
Arìn-bí-ẹni-tó-ń-rò-ó,
Ìyá ìkókó, fọkàn balẹ̀,
Mo wà níbí, mi ò lọ síbì kankan."

Omijé bọ́ lójú mi. Oṣù mẹ́fà lórí fóònù, kò kì mí rí! Obìnrin tó tilẹ̀ ń wọ aṣọ àbùlẹ̀ ló ń kì báyìí, èmi tí mò ń rán aṣọ! Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá pákó náà.

"Jẹ́jẹ́! Jáde! Mo ti mọ̀! Jáde síta, ìwọ àti ìyá ìkókó rẹ!"

 Lẹ́yìn náà, lókè pákó náà lọ́hùn-ún, ohun kan yọ. Etí méjì ló kọ́kọ́ yọ, ìwo kúkúrú méjì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ojú ńlá kan tí ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn ju ti ẹlẹ́wà èyíkéyìí lọ. Àgùnfọn! Ó tẹ ọrùn sílẹ̀, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀ bí ìyálé ṣe ń wo ẹni tuntun, ó sì ń jẹun lọ wọ́rọ́wọ́. Ewé igi àtijọ́ inú ọgbà kejì ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Ilẹ̀kùn kékeré kan ṣí. Jẹ́jẹ́ jáde, ìka wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti koríko bo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Òórùn tó bá a jáde kì í ṣe ti ọṣẹ.

"Jọ̀ọ́, rọra," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí ó bá bẹ̀rù, ó lè tẹ ọmọ pa. Bí ti ọdún tó kọjá ṣe lọ nìyẹn. Ẹnì kan lára wa ló sọ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó sọ fún ará ilé, èrò wá rọ́ dé. Gbogbo wa la búra lọ́tẹ̀ yìí pé ẹnu wa kò ní tú u."

 Mo ṣí agolo abẹ́rẹ́ mi, mo fa irun náà jáde, mo wo ìrù àgùnfọn náà láti ẹnu ilẹ̀kùn. Yéè! Òun náà ni. Ó tilẹ̀ kù díẹ̀ kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹran.

"Ó ti bí?" mo bi í.

"Láàárọ̀ yìí. Abo ni." Ó yíjú wo inú ilé. "Ṣùgbọ́n kò tíì dìde. Ó yẹ kó ti dìde láti wákàtí kan sẹ́yìn. Bí kò bá dìde, kò ní lè mu ọmú. A fi okùn gbé e, okùn náà ń bó o lára."

Mo yọjú wo inú ilé. Wọ́n ti fi géètì pín ìyá sí apá kan. Ọmọ náà wà lórí koríko, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn kálẹ̀ bí ọ̀pá tí ẹnì kan dà sílẹ̀, awọ rẹ̀ ṣì tutù. Dókítà ẹranko, obìnrin kan tó fi ìbọ̀wọ́ dé ìgunpá, kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Okùn ti fà á lára nísàlẹ̀ ikùn.

Bí mo ṣe wo ara ọmọ náà, ojú mi ti wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n àyà, ìwọ̀n ikùn. Iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.

"Ẹ bá mi wá àpò oúnjẹ ẹran méjì, kó mọ́. Àti bùláńkẹ́ẹ̀tì kan."

Dókítà gbójú sókè. "Ta ló rán èyí wá?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi wá, mà. Aṣọ lèmi ń rán."

Mo jókòó lórí koríko. Mo tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sínú àpò, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi abẹ́rẹ́ ńlá gún un, òwú oníṣẹ́po mẹ́rin, mo sì rán ìdìmú mẹ́rin mọ́ ọn, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Kí n má purọ́, abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì dúró.  Jẹ́jẹ́ ń di aṣọ náà mú fún mi níbi tó yẹ kó ti dì í, bí ẹni tí a ti jọ ń ṣe iṣẹ́ náà fún ogún ọdún.

Wọ́n fi í sábẹ́ ikùn ọmọ náà, wọ́n gbé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n, ó yẹ̀. Wọ́n tún gbé e. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹsẹ̀ iwájú di ilẹ̀ mú. Ti ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Ó dúró. Dókítà fà sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin náà jọ̀wọ́ ìdìmú, ọmọ náà ṣì dúró, ó ń mì bí igi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Wọ́n ṣí géètì. Ìyá rẹ̀ tẹ orí sílẹ̀ láti òkè réré, ó fi ahọ́n lá a, ọmọ sì wá ọmú rí.

Dókítà nu ojú nù. "Ọlọ́run ló rán ọ."

A jókòó síta, èmi àti Jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn wa gbára lé pákó.

"Ọgbà," mo ní. "Ọgbà lo sọ fún wa."

"Ọgbà náà ni."

"O mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó yé wa nìyẹn."

Ó tẹ orí ba. "Ẹnì kan ti wà ṣáájú rẹ. Mo sọ iṣẹ́ mi fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó fa gèlè rẹ̀ bo imú, kò sì ṣí i títí ó fi lọ. Àǹtí ní kí n jẹ́ kó o mọ̀ mí ná. Mo wá ń fi ọṣẹ bó ara mi lójoojúmọ́."

Mo fà sún mọ́ ọn. Kí n sọ òótọ́, ó ń rùn. "Má fi ọṣẹ yẹn wẹ̀ mọ́," mo ní. "Òun ló ń rùn jù."

Ó wò mí. Ìgbà náà ni àwa méjèèjì mọ̀ pé a ti ń fi "o" bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbá pákó, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ padà sí "ẹ" mọ́.

*

Ní ọjọ́ keje, mo pe màmá mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo, "ó", tí a fi ń pe ọkùnrin, tí a fi ń pe obìnrin, tí a tún fi ń pe ẹran, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó ń kó ìgbẹ́ ẹran? Mo kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́ kó o lè lọ máa fọ aṣọ ìgbẹ́? N kò gbà." Ó pa fóònù.

Oṣù mẹ́ta la fi bẹ̀ ẹ́. Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, màmá mi ní kó dìde kó lọ fún ẹlòmíràn ní abẹ́rẹ́. Níkẹyìn ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wá. Ìbéèrè kan ni mo ní fún un. Ẹ má kọ́ ọ ní ìdáhùn."

Ó wá. Ẹ̀wù tí mo rán fún un ló wọ̀, èjìká rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Ó dọ̀bálẹ̀, màmá mi jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ kó tó ní kó jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹran yẹn," màmá mi bẹ̀rẹ̀, "lọ́jọ́ tó ń rọbí, níbo lo wà?"

Ọ̀rọ̀ náà ya Jẹ́jẹ́ lẹ́nu. "Mo wà níbẹ̀, mà."

"Níbẹ̀ níbo?"

"Lẹ́yìn pákó, mà. Mi ò lè fọwọ́ kàn án, ó lè ta mí nípàá. Mo kàn ń bá a sọ̀rọ̀ ni, kó lè mọ̀ pé mi ò lọ."

"Fún ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́ta, mà."

 Màmá mi yí ojú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò tíì bá ọkùnrin àlejò kankan sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn fún ọdún mẹ́rin, dìde, ó lọ bu omi tútù, ó sì gbé e fún Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ méjèèjì.

Bí ó ṣe tẹ̀ ba láti gba omi ni màmá mi nawọ́. Kò tíì jáwọ́ nínú wíwo ọrùn ẹ̀wù. Ó fa nǹkan kan yọ níbẹ̀, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé: irun kan, dúdú, gígùn, tó le bí okùn.

"Ta ló ni èyí?" ó bi mí, ojú rẹ̀ sì le.

"Ìyálé mi ló ni ín, mà."

Màmá mi wo irun náà. Ó wo ọkùnrin náà. Ètè rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tí a kò gbọ́ nínú ilé wa láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ọmọ rẹ̀ padà dé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti jókòó.

"Bí ẹ bá délé," ó sọ fún Jẹ́jẹ́, ó ń fi etí aṣọ nu ojú, "ẹ bá mi kí ìyálé ọmọ mi. Ẹ ní kó rọra máa gba àbúrò rẹ̀ mọ́ra."